Ìrìn Àjò Wákàtí Mẹ́sàn-án

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Lẹ́tà fi dúró níwájú àpótí oníhò ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ó ń ju lẹ́tà sí ihò ìlú kọ̀ọ̀kan. Ihò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, kì í sì í wò wọ́n kó tó jù ú. Bí ẹ bá dárúkọ ìlú kan fún un, á sọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe rí fún yín: àwọn ti ibí yìí máa ń lẹ sítáǹbù wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ti ọ̀hún kò mọ̀ ju kí wọ́n kọ̀wé ẹjọ́ lọ. Ìlú tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ nínú gbogbo wọn, méjì péré ni: ibi tí wọ́n bí i sí, àti ibi tí ó ti ń ju lẹ́tà. A kò lè tìtorí ìyẹn bú u. Ẹni tó ń kan pósí kì í sùn sínú rẹ̀ wò.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ láàrin ara wọn: "Lẹ́tà tó ti wọ àpò, ó ti dé." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ọwọ́ rẹ bá ti ju ìwé sí ihò tó tọ́, tí wọ́n sì ti so ẹnu àpò, iṣẹ́ tìrẹ ti parí. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lọ́nà, bí òjò bá pa á, bí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí bá ti kú kó tó gbà á, ìyẹn kò kan ẹni tó jù ú. Ọ̀rọ̀ tó dára ni fún ẹni tó bá fẹ́ sùn dáadáa. Bàbá Lẹ́tà máa ń sùn dáadáa.

Oṣù kejì tó fẹ̀yìn tì ni eyín kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà eléyín, ó rí ìwé pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì, ó ṣí i. Ìwé náà ní àwọn ènìyàn ń rìnrìn àjò bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ibìkan, kó má ṣètò, kó sọ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ bá ti ní kó sọ̀, kó jókòó, kó la ojú, kó máa mí wọlé kó máa mí jáde, títí ibẹ̀ á fi wọ̀ ọ́ lára. Ojú ìwé mẹ́rin ló kà kí wọ́n tó pè é wọlé. Ohun tó wà ní ojú ìwé karùn-ún, kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ó dé ilé pẹ̀lú òwú lẹ́nu, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó náà, aṣọ fèrèsé ló ń rán fún àwọn tó ń kólé tuntun. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ti inú òwú jáde, ṣùgbọ́n ó ní, "Ó dára, sà." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "Ó dára, sà" yẹn ni òpó tó gbé ilé wọn ró.

Aránṣọ ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbẹ̀bí fún àwọn ẹlòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kò bí. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló ti dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Wọn kò jà. Bàbá Lẹ́tà ló máa ń sọ pé kí iṣẹ́ rọlẹ̀ ná kí wọ́n tó lọ kí i, iṣẹ́ kò sì rọlẹ̀ títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, fóònù Aránṣọ dún. Onídìrí tó ń ṣe irun ní ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n ló ń pè.

"Ẹ̀yin ni àbúrò Agbẹ̀bí? Ẹ má bínú o, ma, ẹ kò mọ̀ mí. Dókítà ní ká pe ẹbí."

"Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kíndìnrín ni wọ́n pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì ni dókítà dá fún un, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn dókítà, wọ́n á fún èèyàn ní èènì. Ẹ tètè máa bọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá imú yín ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ tí oòrùn bá mú."

Wákàtí mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ ń rìn dé ìlú ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá gbéra ní agogo méje àárọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á bá a níbẹ̀. Bàbá Lẹ́tà ló lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Irú èyí tí èèyàn lè fi sọ̀ lọ́nà kó tún wọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ló mọ̀ọ́mọ̀ rà, ó fi méjèèjì sí àpò àyà rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ wọ́n wọkọ̀. Aránṣọ gbé àpò rẹ̀ lé itan, kò tilẹ̀ fi ẹ̀yìn ti àga, àfi bí ẹni tó máa sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn.

Wákàtí kẹta, awakọ̀ dúró kó lè tọ̀. Bàbá Lẹ́tà yọjú lójú fèrèsé, ó fa ìmí sínú.

"Dìde, ká sọ̀."

"A ti dé ni, sà?"

"Ọkàn mi ní ká sọ̀ níbí."

"Ọkàn tiyín nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ṣé a ti kúrò nílé, àbí a kò tíì kúrò?"

"A ti kúrò, sà."

"Ó parí. Ẹni tó ti kúrò nílé ti dé. Ẹsẹ̀ ló kù kó bá a."

Ó dára, sà. Wọ́n sọ̀.

Ìlú tí wọ́n sọ̀ sí kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń lọ wò, èyí gan-an ló wu Bàbá Lẹ́tà. Ó gba yàrá ní ilé àlejò kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ lọ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe. Òṣùwọ̀n kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé, kò sí méjì tó ń sọ ohun kan náà.

"Wò ó dáadáa," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Má wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Jẹ́ kó wọ̀ ẹ́ lára. Kí lo rí?"

"Ó ń họ ìdí, sà."

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ọkùnrin náà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde sí wọn.

"Ẹ̀yin bàbá àti màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjọba ló rán yín ni? Mo ti sanwó tọdún yìí o."

"Máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ, ọmọ mi," Bàbá Lẹ́tà wí. "Bí ẹni pé a kò sí níbí."

"Háà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń tini mọ́lé nìyẹn."

Ọkùnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ tinrín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"Ibo lẹ dé, ọmọ ìyá mi?"

"A ti wà lọ́nà, Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ní ká dúró díẹ̀."

"Ṣé kò sí o? Ara rẹ̀ ni?"

"Rárá. Ó ń wo ọkùnrin kan."

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe."

Agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. "Ẹ jẹ́ kó wò ó. Má bá ọkọ rẹ jà nítorí tèmi. Ṣé o ń gbọ́? Èmi kò lọ ibì kankan."

Irọ́ ni. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló ń rìn láìsọ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Bàbá Lẹ́tà kì í ya fọ́tò, ó ní fọ́tò ń sọ ojú di ọ̀lẹ. Kì í sì í lo fóònù. Ó ní òun kò lè máa gbé ohun tó pa iṣẹ́ òun sínú àpò. Orí rẹ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá jókòó lórí ibùsùn, á ka ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà fún ìyàwó rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú agogo tí ó ṣẹlẹ̀: agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ewúrẹ́ kan tó yarọ; agogo mọ́kànlá, obìnrin tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, tó bá a nínú irun orí rẹ̀. Bí ìgbà tó ń ju lẹ́tà, kò gbé ohunkóhun sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á máa ka ọjọ́ lórí ìka lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n tún wọkọ̀, wákàtí méjì péré, ọkàn Bàbá Lẹ́tà tún sọ̀rọ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń la pákó ni èyí. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ara rẹ̀, ìyẹ̀fun igi sì bo gbogbo nǹkan, títí kan irùngbọ̀n àwọn àgbà.

Ó wá ku ohun kan tí Aránṣọ kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Bàbá Lẹ́tà ń wo bí wọ́n ṣe ń yí ìtì igi, òun nìkan rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù kan. Àwọn obìnrin ń já aṣọ kúrò lórí ọkọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ òfuurufú, irú èyí tí kò fi ọwọ́ kàn rí láti ọjọ́ tó ti ń rán aṣọ fèrèsé. Wọ́n tú igàn kan sílẹ̀, atẹ́gùn gbé e, oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n jẹ́ kó di etí kan mú. Ó dúró síbẹ̀ wákàtí kan gbáko. Kò ronú nǹkan kan. Ó ń mí wọlé, ó ń mí jáde. Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ náà sọ ṣẹ sí i lára, ohun tó ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni ìwé náà sọ.

Fóònù rẹ̀ wà ní ilé àlejò. Ẹ̀gbọ́n ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó máa pè padà, Onídìrí ló gbé e.

"Ó ti sùn, ma. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni. Ó ní òun rántí orin kan tí òun fi máa ń rẹ̀ yín lẹ́kún, ìlà kejì ló sọnù lórí òun. Ó ní ẹ̀yin á mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ jí i!"

"Ẹ jẹ́ kó sùn, ma. Oorun ti di ọ̀wọ́n fún un."

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ pè ní kùtùkùtù, ó kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sínú fóònù.

"Orin wo nìyẹn?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, pẹ̀lú sùúrù, bí wọ́n ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Ó dùn o."

Wákàtí kan ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù yẹn, Aránṣọ kò tíì dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ rọrùn láti dárí jì jù ú lọ.

Ó wọlé bá ọkọ rẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì tèmi, sà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ."

"Ìkánjú ló ń pa á," Bàbá Lẹ́tà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi sáré tọ aboyún lọ. Ta ló jókòó wo nǹkan rí nínú ẹbí yín? Jẹ́ ká mú ìfọkànbalẹ̀ lọ bá a, òun ló nílò. Ṣé o fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le báyìí?"

Aránṣọ wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Òótọ́ ni, ó le. "Ó dára, sà," ó ní, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé náà. Bàbá Lẹ́tà ṣèlérí pé ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tààrà. Nígbà tó ku wákàtí méjì kí wọ́n dé, ó tún sọ̀, ó ní oòrùn ìlú náà kò jọ ti ibòmíràn. Wọ́n lo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò pè lọ́jọ́ náà. Aránṣọ pè é nígbà tí oòrùn ń wọ̀, fóònù dún títí, kò sí ẹni tó gbé e.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Bàbá Lẹ́tà lọ wẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí ìṣó. Aránṣọ ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Kò jí nǹkan rí láyé rẹ̀. Ó di í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi jókòó nínú ọkọ̀. Nígbà tí Bàbá Lẹ́tà jáde láti balùwẹ̀, ó wá a kiri, ó bi onílé àlejò, wọ́n ní ó ti wọkọ̀ lọ láìṣètò, láìmú àpò. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára nígbẹ̀yìn, ó sì jókòó láti fi ọjọ́ mẹ́rin gbádùn oòrùn ibẹ̀.

Agogo mẹ́sàn-án lù nígbà tí Aránṣọ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n. Onídìrí jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń dirun fún.

"Ẹ̀yin nìyí," ó ní. "Ẹ jọ ọ́."

"Ó jí?"

Onídìrí sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí àtẹ̀gùn. "Àná ni, ma. Agogo mẹ́rin. Ó ń bi mí léraléra ibi tí ẹ dé. Mo ní ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ń bọ́ bàtà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Láti kékeré ló ti máa ń pẹ́ nídìí okùn bàtà, ẹ má kán an lójú.' Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ń dúró dè yín ni."

Wọ́n ṣí aṣọ lójú Agbẹ̀bí fún àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ ní ọ̀sán. Ojú tó fi ọdún mọ́kàndínlógún fẹ́ rí, ó rí i. Ó kéré ju bí ó ṣe rántí rẹ̀ lọ. Aránṣọ pa fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ilé kún. Àwọn obìnrin tí Agbẹ̀bí gbẹ̀bí fún ló pọ̀ jù, àwọn kan mú ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n wá. Ọ̀sán ni Bàbá Lẹ́tà dé. Oòrùn ti pa á láró, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún un. Ó sunkún, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó di òpó mú, ó sunkún gidi. Wọ́n fún un ní àga tó dára jù, àna àgbà ni. Nígbà tó nu ojú tán, ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tu àwọn nínú.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ikú kì í dájọ́. A sa gbogbo ipá wa. Ọ̀nà ló jìn."

Aránṣọ wà ní igun yàrá, ó ń ká aṣọ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Bàbá," ó ní, "ẹ sọ fún wọn. Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí di agogo mẹ́rin. Kí la rí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra, kò sí ẹni tó bi Bàbá Lẹ́tà ní ohun tó rí. Ojú rẹ̀ ṣí. Ó jókòó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ gbéra díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Agogo kan, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ní ibùdókọ̀. Ọkùnrin kan ń kun ilẹ̀kùn ní òdìkejì. Àwọ̀ ewé ni ọ̀dà náà, ìkùn kejì ni, ti àkọ́kọ́ ti gbẹ. Láti òkè ló ti ń bọ̀ wálẹ̀. Agogo kan ààbọ̀, ọkọ̀ kan dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pe ìlú yìí. Ìyàwó mi dìde. Mo ní kó jókòó, kí ọkùnrin náà kun ilẹ̀kùn tán ná. Ọkọ̀ lọ. Agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, eṣinṣin kan lẹ̀ mọ́ ọ̀dà lápá òsì, kò yọ ọ́, ó kun ún mọ́ ọn. Agogo mẹ́rin—"

Ó gbọ́ ara rẹ̀.

"Wákàtí méjì ni ibẹ̀ sí ibí," obìnrin kan wí lẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. "Agogo mẹ́ta ààbọ̀ ni ọkọ̀ yẹn wọlé."

Onídìrí tẹjú mọ́ Bàbá Lẹ́tà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ilẹ̀kùn náà ńkọ́, sà? Ó kun ún tán?"

Bàbá Lẹ́tà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Rárá," ó ní. "Ọ̀dà tán lọ́wọ́ rẹ̀."